Bí a ṣe ń mú kí jíìpù tí afẹ́fẹ́ gbé dúró wálẹ̀ láì bà á jẹ́

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Jíìpù mi kò lo sípíríńgì irin, afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ga jù fún mi. Mo fẹ́ kó wálẹ̀ ní bíi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, nítorí ẹwà, àti nítorí ìyá mi tí orúnkún ń dùn, tó jẹ́ pé ńṣe là ń gbé wọn wọnú ọkọ̀. Mẹkáníìkì kan ní ká gé ọ̀pá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, pé ọkọ̀ á wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Òmíràn ní ká yọ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ afẹ́fẹ́ dànù, ká fi sípíríńgì sí i. Ẹnì kẹta ní kí n kàn máa dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù, pé á tiẹ̀ tún rọ̀ sí i lójú títì. Èwo ni kí n gbà? Mo tún fẹ́ fi kún un pé láti bí oṣù méjì, ẹ̀yìn ọkọ̀ lápá òsì máa ń sùn sílẹ̀ tí mo bá jí láàárọ̀, ṣùgbọ́n á dìde tí mo bá ti tan ọkọ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú ìtọ́jú ìyá. Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù nínú lẹ́tà yín lẹ fi sí ìparí bíi pé kò tó nǹkan, ìyẹn igun ẹ̀yìn lápá òsì tó ń sùn. Mo máa padà síbẹ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kó yé wa báyìí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan gíga ọkọ̀ yẹn títí ẹ ó fi mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kẹta, torí àṣìṣe tirẹ̀ ni mo ń gbọ́ jù. Ó ní bí afẹ́fẹ́ bá dínkù, ọkọ̀ á rọ̀. Bí táyà ṣe ń ṣe nìyẹn lóòótọ́, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń tan èèyàn jẹ. Àpò rọ́bà tó gbé ọkọ̀ dúró kì í ṣe táyà. Ìwọ̀n ọkọ̀ yín kò yí padà torí pé ó wálẹ̀. Ká ní igun kan gbé kìlógíráàmù 600, tí ojú tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ẹrù yẹn sókè sì rí róbótó, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 110 mm. Agbára tí afẹ́fẹ́ náà nílò á lé díẹ̀ ní bárì 6, ó ju ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú táyà lọ. Yálà ọkọ̀ náà ga, yálà ó wálẹ̀, bárì 6 yẹn náà ló máa sún mọ́, torí ẹrù kan náà ló ń gbé. Ohun tó dínkù ni àyè tí afẹ́fẹ́ yẹn wà.

Ẹ mú pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́, ẹ fi àtàǹpàkò dí ẹnu rẹ̀ pa, kí ẹ wá tì í. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, ọwọ́ yín á wọlé wẹ́rẹ́. Bó bá ku díẹ̀ kó kan ìsàlẹ̀, á le koko, á sì máa ti ọwọ́ yín padà. Afẹ́fẹ́ kan náà ni, àyè ló fún un. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpò rọ́bà nìyẹn tí ọkọ̀ bá wálẹ̀: kòtò tó ti ń kọjá lábẹ́ yín tẹ́lẹ̀ láì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ ní ìdí. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òun fẹ́ kí jíìpù òun wálẹ̀ kó lè rọ̀, mo máa ń sọ fún un pé ohun méjì tó ń bára wọn jà ló ń béèrè.

Ta ló wá ń pinnu bí ọkọ̀ ṣe máa ga tó? Kì í ṣe àpò rọ́bà, kì í sì í ṣe kọ̀mpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ sínú àpò. Kọ̀ǹpútà kan ni. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, sẹ́ńsọ̀ kan wà tí wọ́n dè mọ́ ara ọkọ̀, kò tóbi púpọ̀ ju páálí ìṣáná lọ. Ọwọ́ kékeré kan yọ síta lára rẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ìka sì so ọwọ́ yẹn mọ́ apá irin tó di táyà mú. Bí ara ọkọ̀ bá wálẹ̀ tàbí tó gòkè, ọ̀pá náà á ti ọwọ́ yẹn tàbí kó fà á, sẹ́ńsọ̀ á sì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà pé ibi báyìí la wà. Kọ̀ǹpútà á fi wé nọ́ńbà tí wọ́n ti kọ sínú rẹ̀. Bó bá rí i pé ọkọ̀ ti wálẹ̀ jù, á ṣí fáàfù kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Bó bá rí i pé ó ga jù, á tú díẹ̀ dànù. Ọ̀pọ̀ jíìpù ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn tí ẹ ti pa ọkọ̀ tí ẹ ti lọ sùn.

Ẹ wá rí i pé kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ “máa dín afẹ́fẹ́ kù”. Ẹ tú u lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà á dá a padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, á sì ti fi kún làálàá kọ̀mpírẹ́sọ̀ láìnídìí. Kọ̀ǹpútà yẹn lẹ máa bá sọ̀rọ̀. Ẹ lè sọ òótọ́ fún un pé nọ́ńbà ti yí padà, ẹ sì lè purọ́ fún un nípa ibi tí ọkọ̀ wà. Gbogbo ọgbọ́n tí àwọn èèyàn ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí, inú ọ̀kan nínú méjèèjì ló bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìyá yín, torí ó ṣeé ṣe kí tiwọn ti yanjú láì náwó. Àwọn tó ń ṣe jíìpù mọ̀ pé ọkọ̀ gíga máa ń ni èèyàn lára láti gùn. Range Rover ti ń lo afẹ́fẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti 1992, kí ọkọ̀ lè kúnlẹ̀ fún èrò sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń lò ó. Ẹ wo àárín ìjókòó iwájú tàbí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù yín: ẹ ó rí bọ́tìnì tí wọ́n ya ọkọ̀ sí pẹ̀lú ọfà tó ń tọ́ka sílẹ̀. Nínú àwọn jíìpù míì, inú sìkíríìnì ló wà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ jíìpù á wálẹ̀ ní bíi 40 sí 50 mm. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún tí ẹ ń wá náà nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ bá ti ń súnmọ́ ibi tí Màmá dúró sí, kó tó di pé ẹ pa ẹ́ńjìnnì, torí àwọn ọkọ̀ kan kì í gbà á lẹ́yìn tí a bá ti pa wọ́n. Wíwálẹ̀ máa ń yá, ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ jáde. Gígòkè ló ń pẹ́, ẹ fún un láyè. Bí ẹ bá sì ti ń sáré díẹ̀, ọkọ̀ á gbéra padà sí gíga rẹ̀. Ẹ má wá ọgbọ́n tí kò ní jẹ́ kó gbéra o, wọn ò ṣe gíga yẹn fún ìrìn. Kí ẹ tún fi àpótí ìtẹ̀sẹ̀ kékeré kan tó dúró dáadáa sínú búùtù, Màmá ò ní í nílò kí ẹnikẹ́ni gbé wọn mọ́.

Ti ẹwà ló kù. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀nà yìí ò dọ́gba.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń bá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sọ̀rọ̀ yí nọ́ńbà gíga náà padà. Ẹni tó máa ṣe é á gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú pẹrẹsẹ, á fi téèpù wọn igun kọ̀ọ̀kan, láti àárín gbùngbùn wíìlì lọ sókè sí etí fẹ́ńdà. Kí ó má wọ̀n láti ilẹ̀ o, torí táyà tó jẹ tàbí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré á ba ìwọ̀n náà jẹ́. Lẹ́yìn náà ni á wá kọ gíga tuntun sínú kọ̀ǹpútà fún igun kọ̀ọ̀kan. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé kò sí irin tí ẹ tẹ̀, kò sí wáyà tí ẹ gé, ọjọ́ tí ẹ bá sì ní ẹ ò fẹ́ mọ́, nọ́ńbà àtijọ́ lẹ máa dá padà. Ẹ kọ nọ́ńbà àtijọ́ yẹn sílẹ̀ kó tó yí i. Mo mọ ibi tí wọn ò ti kọ ọ́, wọ́n wá ń fi ojú wọn ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀nà kejì ni ọ̀pá tó ṣeé yí gùn tàbí kúrú, èyí tí wọ́n ń tà láti fi rọ́pò ọ̀pá sẹ́ńsọ̀. Irọ́ pípa fún kọ̀ǹpútà nìyí. Ẹ yí gígùn ọ̀pá, ọwọ́ sẹ́ńsọ̀ á yẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé ọkọ̀ ti ga jù, á tú afẹ́fẹ́ dànù títí ọwọ́ yẹn á fi padà sí ibi tó ti wà. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò sì ní bá yín jà bí ẹ bá lò ó. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ sí ohun kan: ọ̀pá yẹn kì í sábà dé ibi tí táyà wà, ibi àárín apá irin ni wọ́n sábà ń so ó mọ́. Tó bá jẹ́ agbedeméjì gan-an ló wà, 10 mm tí ẹ bá yí lára ọ̀pá á di bíi 20 mm níbi táyà. Ẹ yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ fìdí kalẹ̀, ẹ wọ̀n, kí ẹ tó tún yí. Àpótí kékeré kan tún wà tí wọ́n ń so mọ́ wáyà sẹ́ńsọ̀, irọ́ kan náà ló ń pa, wáyà ló fi ń pa á. Bí wáyà náà bá wọmi tàbí tó jó, ọkọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ lójijì, ìdí nìyẹn tí mi kì í fi sún èèyàn síbẹ̀.

Gígé tí mẹkáníìkì àkọ́kọ́ sọ, kí ẹ má gbà á rárá. Ọ̀pá tí wọ́n gé tí wọ́n tún jó pọ̀ kò ní gígùn tó dájú. Bí ọ̀tún bá fi 3 mm kúrú ju òsì lọ, ọkọ̀ á gbé èjìká kan sílẹ̀. Bó bá sì já lójú ọ̀nà, ọwọ́ sẹ́ńsọ̀ á ṣubú, kọ̀ǹpútà á gbà pé igun yẹn ti fò sókè tàbí pé ó ti jìn sí kòtò, á sì ṣe ohun tó rò pé ó tọ́ nígbà tí ẹ wà lórí eré.

Ti sípíríńgì irin ńkọ́? Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Nígbà tí Cadillac, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, gbé ọkọ̀ Eldorado Brougham jáde ní 1957 pẹ̀lú àpò afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á ló padà yọ ọ́ tí wọ́n fi sípíríńgì sí i torí pé ó ń jò. Mi ò bú ẹni tó bá ṣe é lónìí tí gbogbo àpò rẹ̀ ti gbó. Àmọ́ mẹkáníìkì kejì yẹn kò dáhùn ohun tí ẹ béèrè. Ẹ ó pàdánù kíkúnlẹ̀ tí Màmá nílò, ọkọ̀ ò ní dá ara rẹ̀ tò mọ́ bí ẹ bá kó ẹrù sẹ́yìn, iná ìkìlọ̀ á sì máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù àfi tí ẹnì kan bá tún wá ọgbọ́n fi pa kọ̀ǹpútà lẹ́nu mọ́.

Báwo ló ṣe yẹ kó wálẹ̀ tó? Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún yín ti pọ̀ jù fún ọkọ̀ tí ẹ ń wà lójoojúmọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n dúró sí 25 mm, kí ó má kọjá 30. Ẹ wò ó báyìí: ká ní àyè tó wà láàárín gíga tí ọkọ̀ yín wà àti rọ́bà ìdíwọ́ tó wà lókè, èyí tí kì í jẹ́ kí irin gbá irin, jẹ́ 100 mm. Bí ẹ bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní 50, ìdajì ti lọ kí ẹ tó bá kòtò kankan pàdé. Ẹ wá rántí pé ọ̀pá tí ẹ yí kò yí gíga kan ṣoṣo, gbogbo gíga ọkọ̀ ló yí. Nígbà tí ẹ bá tún tẹ bọ́tìnì fún Màmá, 50 tiyín àti 50 ti bọ́tìnì á di 100, ọkọ̀ á jókòó sórí rọ́bà ìdíwọ́ pátápátá. Àwọn kọ̀ǹpútà kan á kọ̀ jálẹ̀ tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á tan iná ìkìlọ̀, wọ́n á sì dẹ́kun iṣẹ́.

Àwọn kan á ní wíwálẹ̀ máa jẹ́ kí ọkọ̀ di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Díẹ̀ ni. Tí àárín ìwọ̀n jíìpù bá ga ní bíi 700 mm, 30 mm tí ẹ mú kúrò kò ju bíi ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìwọ̀n tó ń ṣí lọ sórí táyà ìta ní kọ́nà á sì dínkù ní ìwọ̀n yẹn náà. Nínú jíìpù míì, igun apá irin tó yí padà á tiẹ̀ jẹ ìdá mẹ́rin yẹn tán, ara ọkọ̀ á máa yẹ̀ bó ṣe ń yẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe é nítorí ẹwà, ìyẹn tó láti fi ṣe é.

Igun apá irin yẹn gan-an ló ń jẹ táyà. Bí ara ọkọ̀ bá wálẹ̀, orí táyà á tẹ̀ sí inú, ẹnu táyà méjèèjì náà á sì kúrò lójú ìlà, wọ́n á máa wo inú tàbí wo ìta. Kíkúrò lójú ìlà yìí ló burú jù. Jíìpù kan dé ọ̀dọ̀ mi, ẹni tó ni ín ní òun gbọ́ ariwo kan níwájú. Mo dúró wo táyà náà láti ìta, ó mọ́, iṣan rẹ̀ jinlẹ̀. Mo yí sítíárì dé òpin, mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ sí ẹ̀yìn táyà. Wáyà irin ló gún mi níka. Etí inú ti jẹ títí tó fi dán bí awọ bàtà tó gbó, wáyà sì ti yọ jáde yí i po. Ẹnì kan ti sọ ọkọ̀ náà kalẹ̀ fún un, kò sì rán an lọ ṣe aláìmẹ́ńtì, ìyẹn títo táyà padà sójú ìlà. Nítorí náà, bí ẹ bá ti sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ ṣe aláìmẹ́ńtì ní gíga tuntun yẹn, ẹ sì máa fi ọwọ́ yẹ etí inú táyà wò ní oṣooṣù, torí ojú ò ní rí i.

Ẹ fi ẹfun ìkọ̀wé pa inú fẹ́ńdà, ẹ kó èèyàn kún ọkọ̀, kí ẹ rọra yí sítíárì dé òpin ní ọ̀tún àti lósì. Ibi tí ẹfun bá ti pa rẹ́ ni táyà ti ń kàn. Ẹ sì tún iná iwájú wò lálẹ́ lójú ògiri. Bí ẹ̀yìn bá fi wálẹ̀ ju iwájú lọ, iná á gbójú sókè, á máa fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí ẹ purọ́ fún ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi ń tún iná wọn ṣe, kò ní sọ fún yín pé nǹkan ti yí. Bí ọkọ̀ yín bá ní kámẹ́rà tàbí rádà tó ń wo ọ̀nà fún yín, ẹ ní kí wọ́n tún un tò pẹ̀lú. Kí ẹ sì bi àwọn oníìṣọ́ránsì yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ẹ dákun, ẹ fi etí sí èyí. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló gbé e dúró. Ilẹ̀kùn tí ọmọdé ṣí, bátìrì tí wọ́n yọ, kọ̀ǹpútà tó kàn jí láti tún gíga ṣe, èyíkéyìí nínú wọn lè mú un sọ̀ kalẹ̀ láì kìlọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ètò kan tí ẹ máa yàn kí ẹ tó fi jáàkì gbé e. Tí kò bá ní, ẹ yọ fíúùsì afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ sì fi ìdúró irin sábẹ́ rẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí ètò yẹn ń dènà. Bí táyà bá ń fì lókè tí kò kan ilẹ̀, kọ̀ǹpútà á rò pé ọkọ̀ ga jù, á sì tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú àpò dànù. Bí ẹ bá wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí àpò òfìfo yẹn, rọ́bà á ká síbi tí kò yẹ, ìwọ̀n ọkọ̀ á sì ya á.

Ó wá ku igun òsì ẹ̀yìn. Kò sí ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá tó ń sùn ní igun kan lálẹ́ tó sì ń jí láàárọ̀. Ó ń jò. Tó bá jẹ́ pé igun kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fura sí àpò rọ́bà igun yẹn tàbí páìpù tó lọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ igun méjì tàbí gbogbo wọn ni, fáàfù ni mo máa kọ́kọ́ wò. Ẹ ní kí wọ́n po omi ọṣẹ tó ki díẹ̀, kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé kékeré ta á sí ibi tí rọ́bà ti ká, ní ìsàlẹ̀ àpò náà, pẹ̀lú ẹnu páìpù. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ga dáadáa kí ibi tó ká yẹn lè là. Kí wọ́n dúró. Ihò ńlá á hó lójú ẹsẹ̀. Ihò kékeré, tó jẹ́ irú tiyín, á kó fóòmù funfun jọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí itọ́ ìgbín, ó lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí ojú tó rí i.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni kọ̀mpírẹ́sọ̀. Wọn ò ṣe é láti máa ṣiṣẹ́ láì sinmi. Gbogbo àárọ̀ tí ẹ bá tan ọkọ̀, òun ló ń dá ohun tó jò lóru padà, ooru ń jẹ ẹ́, omi inú afẹ́fẹ́ sì ń kún èròjà tó yẹ kó máa gbẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí òun náà á kú. Bí ẹ bá tún wá sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ibòmíràn lára àpò tó ti gbó yẹn ni rọ́bà á máa ká sí, ibi tí ó ti ń fàya gan-an sì lè bọ́ sábẹ́ ìká yẹn.

Lálẹ́ òní, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi téèpù wọn igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti àárín wíìlì dé etí fẹ́ńdà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn, ẹ tún un wọ̀n. Mẹkáníìkì tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ọkọ̀ yẹn, nọ́ńbà mẹ́jọ wọ̀nyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́.